Ọwọ́ ta ni iṣẹ́ wà? Bí a ṣe ń ka àmì ipò lára tíkẹ́ẹ̀tì àléébù sọ́fúwíà

Ẹ rí àléébù kan nínú sọ́fúwíà tí ẹ ń lò, ẹ sì kọ ọ́ ránṣẹ́ sí àwọn tó ń bójú tó o. Ẹ ṣàlàyé dáadáa, ẹ fi àwòrán ojú kọ̀ǹpútà yín tì í lẹ́yìn. Ó pẹ́ díẹ̀, ímeèlì kúkúrú kan wọlé: tíkẹ́ẹ̀tì yín, ìyẹn ìwé tí ẹ fi ròyìn àléébù náà, ti di RESOLVED, WORKSFORME. Ẹ ṣí sọ́fúwíà náà wò, àléébù yẹn ṣì wà níbẹ̀ digbí. Ibẹ̀ ni inú ti máa ń bí ọ̀pọ̀ èèyàn, tí wọ́n á wá lọ da ọ̀rọ̀ líle sábẹ́ tíkẹ́ẹ̀tì. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, ẹni tó kọ WORKSFORME kò sọ pé òun ti tún nǹkan kan ṣe. Ohun tó sọ ni pé òun gbìyànjú rẹ̀ lórí ẹ̀rọ tòun, òun ò rí i. Iṣẹ́ ti padà sọ́wọ́ yín nìyẹn, ó kàn jẹ́ pé kò sẹ́ni tó là á yé yín.

Àmì ipò kì í ṣe ìlérí, kì í sì í ṣe òṣùwọ̀n bí ọ̀rọ̀ náà ṣe dùn yín tó. Ohun tó wà fún ni kó fi hàn, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ kan tàbí méjì, ẹni tí iṣẹ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀ báyìí. Ó lè wà lọ́wọ́ àwọn tó ń yẹ tíkẹ́ẹ̀tì wò, ó lè wà lọ́wọ́ ẹni tó ń kọ kóòdù, ó lè wà lọ́wọ́ àwọn tó ń dán an wò, ó lè wà lọ́wọ́ yín, ó sì lè má sí lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni mọ́. Ẹni tó bá mọ ọwọ́ tó wà yóò mọ ìgbà tó yẹ kóun sọ̀rọ̀ àti ìgbà tó yẹ kóun jókòó jẹ́ẹ́. Ohun tí àwọn ìgbésẹ̀ ìsàlẹ̀ yìí wà fún nìyẹn, irú ètò ìtọ́jú tíkẹ́ẹ̀tì yòówù kí ẹ máa lò, ì báà jẹ́ Bugzilla, ì báà jẹ́ Jira, Launchpad, MantisBT tàbí GitHub.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ ya ipò, àbájáde àti ìwúwo sọ́tọ̀

Nǹkan mẹ́ta ló máa ń tò ti ara wọn lórí tíkẹ́ẹ̀tì tí ojú fi ń dà wọ́n pọ̀.

Ipò, tí ẹ ó rí lábẹ́ Status, ń sọ ibi tí iṣẹ́ dé. Àbájáde, tó máa ń wà lábẹ́ Resolution, ń sọ ìdí tí wọ́n fi pa tíkẹ́ẹ̀tì dé. Òfìfo ló yẹ kó wà títí di ọjọ́ tí wọ́n bá pa á dé. Lórí Bugzilla, èyí tí Terry Weissman ṣe lọ́dún 1998 fún Mozilla, àwọn tó ń ṣe aṣàwákiri Firefox, orí ìlà kan náà ni wọ́n ń kọ méjèèjì sí: RESOLVED FIXED, RESOLVED DUPLICATE, VERIFIED FIXED. Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ ni ipò, èyí tó tẹ̀ lé e ni àbájáde. Lórí Jira, àyè ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n wà. GitHub kò fẹ́ wàhálà: Open tàbí Closed ni gbogbo ohun tó mọ̀ ní ti ipò, ìyókù di ti àwọn àmì aláwọ̀ tí àwọn tó ni iṣẹ́ bá fúnra wọn lẹ̀ mọ́ ọn. Ẹni tó ka ipò tí kò ka àbájáde ti gbọ́ ẹnu ẹnìkan dájọ́.

Ẹ̀kẹta ni ìwúwo, òun náà sì pín sí méjì. Severity ń sọ bí àléébù náà ṣe ń ba nǹkan jẹ́ tó. Priority ń sọ bí wọ́n ṣe fẹ́ tètè dá a lóhùn tó. Wọn kì í sábà rìn pọ̀. Kí lẹ́tà kan ṣì nínú orúkọ sọ́fúwíà lójú ìwé àkọ́kọ́, kò ba iṣẹ́ ẹnikẹ́ni jẹ́, síbẹ̀ wọ́n lè tún un ṣe kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú. Kí sọ́fúwíà sì pa fáìlì rẹ́ lórí ẹ̀dà àtijọ́ tí kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sẹ́ni tó ń lò ó mọ́, ìyẹn burú gan-an, ṣùgbọ́n ó lè pẹ́ nílẹ̀. Ní Debian, tó jẹ́ ètò iṣẹ́ kọ̀ǹpútà bíi Windows, ìpele méje ni severity ní: critical, grave, serious, important, normal, minor àti wishlist. Mẹ́ta àkọ́kọ́ ni wọ́n kà sí àléébù tó lè dí ìtẹ̀jáde ẹ̀dà tuntun lọ́wọ́. Ìdí nìyí tí inú wọn kì í fi í dùn sí ẹni tó bá fi critical sí tíkẹ́ẹ̀tì tirẹ̀ nítorí pé ọ̀rọ̀ náà ká òun lára. Ẹ fi ìpele tó yẹ sí i. Bí ẹ kò bá mọ̀ ọ́n, ẹ fi í sílẹ̀ bí ẹ ṣe bá a.

Kò sí èyíkéyìí nínú ìwúwo yìí tó ń sọ ọwọ́ tí iṣẹ́ wà. Tíkẹ́ẹ̀tì lè jẹ́ P1, ìyẹn priority tó ga jù, kó má sì sẹ́ni tó tíì ṣí i.

Ìgbésẹ̀ kejì: ẹ wò ó bóyá ẹnì kan ti fojú kàn án

Nínú gbogbo àmì, èyí tó ń ṣi èèyàn lọ́nà jù ni NEW. Lórí Launchpad, níbi tí wọ́n ti ń tọ́jú àléébù Ubuntu, ètò iṣẹ́ kọ̀ǹpútà mìíràn, New túmọ̀ sí pé tíkẹ́ẹ̀tì ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ni, kò tíì sẹ́ni tó yẹ̀ ẹ́ wò. Lórí Bugzilla ti Mozilla, òdìkejì rẹ̀ ni. UNCONFIRMED ni wọ́n ń pe èyí tí kò tíì dá ẹnikẹ́ni lójú níbẹ̀. Tó bá ti di NEW, ẹnì kan ti gbà pé òótọ́ ni àléébù náà wà, tàbí kó jẹ́ pé ẹni tó mú un wá ní àṣẹ láti fìdí rẹ̀ múlẹ̀ fúnra rẹ̀. Nígbà tí ẹ̀dà 4.0 Bugzilla jáde lọ́dún 2011, wọ́n yí ọ̀rọ̀ yìí padà nínú ètò tó bá sọ́fúwíà náà wá: NEW di CONFIRMED, ASSIGNED di IN_PROGRESS. Mozilla fúnra wọn kò yí tiwọn padà. Nítorí náà, kí ẹ tó sọ pé ẹ mọ ìtumọ̀ àmì kan, ẹ wo ilé tí ẹ wà.

Confirmed náà ní ìdẹkùn tirẹ̀. Lórí Launchpad, bí ẹlòmíràn yàtọ̀ sí ẹni tó mú un wá bá tẹ ibi tí wọ́n kọ pé àléébù yìí kan èmi náà, kọ̀ǹpútà á fúnra rẹ̀ yí ipò padà sí Confirmed, á sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé òun ṣe é nítorí pé àléébù náà kan ju ẹnìkan lọ. Kò sí ẹlẹ́rọ kankan tó mọ̀ sí i. Àmì tó fi hàn pé ẹni tó mọṣẹ́ ti jókòó tì í ni Triaged: ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé àlàyé tó wà nílẹ̀ ti tó fún ẹni tó bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, àwọn alábòójútó nìkan ló sì lè fi í sí i. Lórí MantisBT, acknowledged wà láàárín new àti confirmed. Wọ́n ti rí ọ̀rọ̀ yín, wọ́n ti gbọ́, ṣùgbọ́n wọn kò tíì rí àléébù náà lójú ara wọn.

Kí ni kí ẹ ṣe ní àsìkò yìí? Kò pọ̀. Ẹ wá a bóyá ẹlòmíràn ti mú irú rẹ̀ wá ṣáájú yín. Bí ẹ bá bá a, tí bọ́tìnì wà fún “ó kan èmi náà” tàbí fún ìbò, ẹ tẹ̀ ẹ́. Ẹ má kọ “èmi náà” sínú ọ̀rọ̀ ìsàlẹ̀, torí gbogbo ẹni tó ń tẹ̀ lé tíkẹ́ẹ̀tì náà ni ímeèlì yóò bá, kò sì ní sí ohun tuntun kan tí wọ́n máa rí kà níbẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹta: bó bá jẹ́ ẹ̀yin ni wọ́n ń dúró dè, ẹ má fi falẹ̀

Oríṣi àmì kan wà tó jẹ́ pé ẹ̀yin ni ìdáhùn wà lọ́wọ́ yín, orúkọ rẹ̀ sì pọ̀: Incomplete lórí Launchpad, feedback lórí MantisBT, moreinfo ní Debian, NEEDINFO lórí Bugzilla púpọ̀. Lórí Jira, àwọn tó ni ilé ló máa ń sọ ọ́ lórúkọ bó ṣe wù wọ́n, èyí tí mo sì ń rí jù ni Waiting for Customer. Bí ẹ kò bá ní rántí ohun mìíràn nínú gbogbo ohun tí ẹ kà níhìn-ín, ẹ rántí pé àwọn àmì yìí ní àsìkò. Lórí Launchpad, tíkẹ́ẹ̀tì tó bá wà ní Incomplete fún ọjọ́ 60 láìsí ẹni tó fọwọ́ kàn án lè di Expired fúnra rẹ̀, bí iṣẹ́ náà bá gba irú ètò bẹ́ẹ̀ láyè. Debian kò ka ọjọ́, ṣùgbọ́n wọ́n sọ ọ́ pé bí olùfisùn kò bá dáhùn láàárín oṣù díẹ̀, àwọn máa pa á dé. Lórí GitHub, ọ̀pọ̀ ló ń lo ẹ̀rọ adáṣiṣẹ́ kan tó ń jẹ́ stale. Bí wọn kò bá yí ètò rẹ̀ padà, ọjọ́ 60 láìsí ọ̀rọ̀ ló fi ń lẹ àmì Stale mọ́ tíkẹ́ẹ̀tì, á sì fi ọjọ́ 7 kún un kó tó pa á dé. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo láti ẹnu yín ti tó láti dá a dúró, àmọ́ ọ̀rọ̀ náà ní láti wúlò.

Ìdáhùn tó wúlò máa ń ní nǹkan wọ̀nyí nínú: nọ́ńbà ẹ̀dà sọ́fúwíà náà gan-an, kì í ṣe “èyí tó jáde kẹ́yìn”, irú ẹ̀rọ àti ètò iṣẹ́ tí ẹ̀rọ náà ń lò, ohun tí ẹ tẹ̀, lọ́kọ̀ọ̀kan, láti ìgbà tí ẹ ṣí i, ohun tí ẹ rí, ohun tí ẹ retí pé kí ẹ rí. Bí wọ́n bá béèrè log, ìyẹn àkọsílẹ̀ tí sọ́fúwíà ń ṣe nípa iṣẹ́ ara rẹ̀, ẹ fi log ránṣẹ́ bó ṣe wà, kì í ṣe àwòrán rẹ̀, nítorí èèyàn kò lè wá ọ̀rọ̀ nínú àwòrán. Kí ẹ tó fi ránṣẹ́, ẹ yọ ọ̀rọ̀ aṣínà àti àdírẹ́sì ímeèlì kúrò nínú rẹ̀. Ẹ dáhùn ìbéèrè tí wọ́n bi yín gan-an, pàápàá bó bá jọ pé kò nítumọ̀ lójú yín. Nígbà tí wọ́n bá ní kí ẹ tún gbìyànjú rẹ̀ lórí àkáǹtì tuntun tí kò ní ìtò (settings) kankan, wọn kò fi yín ṣe yẹ̀yẹ́. Wọ́n fẹ́ mọ̀ bóyá inú ìtò yín ni àléébù wà ni.

Lẹ́yìn tí ẹ bá ti dáhùn, ẹ wò ó bóyá ipò ti yí. MantisBT á yí i kúrò ní feedback fúnra rẹ̀ bí ẹni tó mú ẹjọ́ wá bá fèsì, bí wọn kò bá tíì yí ètò tó bá a wá padà. Lórí Bugzilla ti Mozilla, needinfo kì í ṣe ipò rárá, àsíá ni, orúkọ ẹnìkan pàtó sì ló máa ń wà lára rẹ̀. Ẹ rí i dájú pé ẹ fi àmì sí àpótí tó ń pa á rẹ́ kí ẹ tó fi èsì yín ránṣẹ́. Lórí Launchpad, ẹ̀yin fúnra yín lẹ máa dá a padà sí New. Àìmọye tíkẹ́ẹ̀tì ló ń kú síbí yìí: olùfisùn ti dáhùn, àmì kò kúrò ní Incomplete, àwọn tó ń wá iṣẹ́ ṣe kò sì rí i nínú àkójọ wọn.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: ẹ má ka ASSIGNED sí ohun tí kò jẹ́

ASSIGNED ń sọ pé orúkọ ẹnìkan wà lára iṣẹ́ náà. Kò sọ pé ẹni náà ti jókòó tì í. In Progress ló sún mọ́ ìyẹn jù. Ẹ tún wo orúkọ tó wà ní àyè Assignee dáadáa: lórí Bugzilla ti Mozilla, tíkẹ́ẹ̀tì tí kò tíì ní ẹni tó gbà á máa ń gbé orúkọ nobody. Bó bá jẹ́ pé orúkọ èèyàn ni, tí ó sì ti pẹ́ gan-an láìsí ìṣípòpadà, ẹ lè béèrè lẹ́ẹ̀kan, tìrẹ̀lẹ̀tìrẹ̀lẹ̀, bóyá ó ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹni tó bá mọ kóòdù kọ lè fi kún un pé òun ṣe tán láti gbà á.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: bí ẹ bá rí FIXED, ẹ bi í pé níbo

Àtúnṣe kì í fò láti orí kọ̀ǹpútà ẹni tó kọ ọ́ wá sórí tiyín. Wọ́n á kọ́kọ́ fi kún kóòdù àpapọ̀, wọ́n á dán an wò, wọ́n á kó o sínú ẹ̀dà kan, ẹ̀dà náà á wá jáde. RESOLVED FIXED sábà máa ń jẹ́ ti ìgbà tó wọ kóòdù àpapọ̀ nìkan. Ìdí nìyí tí èèyàn fi lè gba ímeèlì pé wọ́n ti tún un ṣe kó sì tún bá àléébù náà pàdé lọ́jọ́ kejì. Kò sẹ́ni tó purọ́.

Àwọn ilé kan ṣe dáadáa ní ti èyí, wọ́n ya àmì náà sí méjì. Launchpad ní Fix Committed, ó sì tún ní Fix Released. Nínú Ubuntu, bí àtúnṣe bá jẹ́ ti ẹ̀dà tó ti jáde tipẹ́, Fix Committed túmọ̀ sí pé ó ti wà nínú àpótí ìdánwò tí wọ́n ń pè ní proposed, níbi tó ti máa lo ó kéré tán ọjọ́ 7. Ẹ máa rí àmì verification-needed lára rẹ̀, ìyẹn ni pé wọ́n ń wá ẹni tó máa bá wọn dán an wò lórí ẹ̀rọ tí àléébù náà ti ṣẹlẹ̀. Ta ló sún mọ́ ọn jù yín lọ? Ẹ gbé ẹ̀dà náà wá láti inú proposed, ẹ tún gbogbo ìgbésẹ̀ tí ẹ kọ níjọ́sí tẹ̀ lé, kí ẹ sì kọ ohun tí ẹ rí pẹ̀lú nọ́ńbà ẹ̀dà. Àwọn tó fi sílẹ̀ níbẹ̀ tí wọ́n ń retí pé ẹlòmíràn á ṣe é ló ń jẹ́ kí àtúnṣe tó ti ṣe tán máa jókòó lójú kan.

Bugzilla tí Fedora, ètò iṣẹ́ kọ̀ǹpútà mìíràn, ń lò tún ya á sí wẹ́wẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ. MODIFIED: àtúnṣe ti wà nínú kóòdù. ON_QA: ó ti bọ́ sọ́wọ́ àwọn olùdánwò. VERIFIED: wọ́n ti dán an wò, ó dára. Lẹ́yìn náà ni CLOSED. Ọwọ́ mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ nìyẹn, àmì mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, èèyàn kò lè ṣì í mú.

Níbi tí wọn kò bá ti yà á, ẹ wá àyè Milestone, Fix Version tàbí Target. Ní ti Firefox, àsíá wà lára tíkẹ́ẹ̀tì fún ẹ̀dà kọ̀ọ̀kan, torí pé Nightly ni àtúnṣe ti ń bẹ̀rẹ̀, á kọjá sí Beta, kó tó dé ẹ̀dà gbogbogbòò. Láti ọdún 2020 sì ni ẹ̀dà tuntun ti ń jáde ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin-mẹ́rin. Lórí GitHub, ẹ tẹ àtúnṣe kóòdù tí wọ́n so mọ́ tíkẹ́ẹ̀tì, kí ẹ wò ó bóyá orúkọ ẹ̀dà kan wà lára rẹ̀. Bí ẹni tó ń kọ kóòdù bá kọ “Fixes” pẹ̀lú nọ́ńbà tíkẹ́ẹ̀tì yín sínú iṣẹ́ rẹ̀, GitHub á pa tíkẹ́ẹ̀tì dé ní kété tí iṣẹ́ náà bá wọ ẹ̀ka kóòdù àkọ́kọ́, bí ẹ̀dà tuntun ì báà tilẹ̀ ṣì jìnnà.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: ẹ ka pípadé tí kì í ṣe títúnṣe

Ibí ni ìjà ti ń bẹ̀rẹ̀ jù. Wọ́n pa á dé, kò sì sí àtúnṣe. Bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Ẹ ka ohun tí wọ́n kọ dáadáa kí ẹ tó fèsì, torí ohun tí àbájáde kọ̀ọ̀kan ń béèrè lọ́wọ́ yín kò dọ́gba.

DUPLICATE ni ó rọrùn jù. Ẹlòmíràn ti mú un wá, wọ́n sì fẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà wà lójú kan. Bugzilla á fi orúkọ yín sínú àwọn tó ń gba ìròyìn tíkẹ́ẹ̀tì àkọ́kọ́. Níbòmíràn, ẹ̀yin lẹ máa lọ forúkọ sílẹ̀. Ẹ lọ ka tíkẹ́ẹ̀tì àkọ́kọ́ náà tán. Bí ohun tí ẹ ní bá yàtọ̀ ní ojú kan, bíi pé tiyín ń ṣẹlẹ̀ lórí ẹ̀dà tí wọn kò mẹ́nu bà, ibẹ̀ ni kí ẹ kọ ọ́ sí. Bó bá sì jẹ́ pé ohun méjì tí kò jọra ni wọ́n dà pọ̀, ẹ sọ ìyàtọ̀ náà ní ṣókí: àṣìṣe tèmi ní àkọlé báyìí, tibẹ̀ ní àkọlé báyìí. Wọ́n máa ń gbọ́.

WORKSFORME, tí Jira ń pè ní Cannot Reproduce, ti wà lókè. Àìrí ni, kì í ṣe àìsí. Iṣẹ́ yín ni láti wá ìyàtọ̀ tó wà láàárín ẹ̀rọ yín àti tiwọn. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí àwọn nǹkan tó ń dá wàhálà sílẹ̀ jù: èdè tí ẹ̀rọ ń lò, àkókò àgbègbè, àwọn àfikún tí ẹ fi sínú aṣàwákiri, bí fáìlì ṣe tóbi tó, àti irú íńtánẹ́ẹ̀tì tí ẹ wà lórí rẹ̀. Ẹ máa pa á lọ́kọ̀ọ̀kan títí ẹ ó fi rí èyí tó jẹ́ pé bó bá kúrò, àléébù á lọ. Bí ẹ bá ti mú èyí wá, tíkẹ́ẹ̀tì náà á tún ṣí, ẹ kò ní bẹ ẹnikẹ́ni.

INVALID dà bí èébú létí, n kò sì rò pé ó yẹ kí ẹnikẹ́ni ṣì máa lò ó fún ẹni tó fara balẹ̀ kọ̀wé. NOTABUG tí Fedora ń lò àti Intended behavior ti Google sọ ohun kan náà pẹ̀lú ohùn tó tutù: bí wọ́n ṣe fẹ́ kó máa ṣiṣẹ́ nìyẹn, tàbí kó jẹ́ pé inú sọ́fúwíà mìíràn ni àléébù wà. Bó bá jẹ́ ti ìkejì, ẹ béèrè ibi tó yẹ kí ẹ gbé e lọ. Bó bá jẹ́ ti àkọ́kọ́, tí ìwé ìlò sọ́fúwíà náà kò sì sọ bẹ́ẹ̀, ẹ ti rí àléébù mìíràn, ti ìwé ìlò. Tíkẹ́ẹ̀tì tuntun lórí ìyẹn kì í ní alátakò.

WONTFIX ni ìpinnu. Wọ́n gbà pé ó wà, wọn kò sì ní tún un ṣe. Bóyá àtúnṣe náà á ba nǹkan mìíràn jẹ́, bóyá ẹ̀dà náà ti di àtijọ́, bóyá kò sẹ́ni tó ní àkókò rẹ̀. Àríyànjiyàn lórí bó ṣe ń dùn yín kò lè yí i padà. Ohun tó lè yí i padà ni ìròyìn tí wọn kò ní nígbà tí wọ́n ń pinnu, tàbí àtúnṣe tí ẹ kọ fúnra yín. Bí ẹ kò bá ní èyíkéyìí nínú méjèèjì, ẹ béèrè ọ̀nà tí èèyàn lè gbà yẹ̀ ẹ́, kí ẹ sì máa bá iṣẹ́ yín lọ.

EOL (End of Life, ìyẹn pé àsìkò ẹ̀dà náà ti parí), Expired àti Stale kì í ṣe ìpinnu ẹnikẹ́ni lórí àléébù yín. Ọjọ́ ló pé. Nǹkan bí oṣù 13 ni Fedora ń fi tọ́jú ẹ̀dà kọ̀ọ̀kan. Nígbà tó bá pé, wọ́n á pa gbogbo tíkẹ́ẹ̀tì tó bá kù lórí ẹ̀dà náà dé pẹ̀lú EOL. Ẹ gbé ẹ̀dà tuntun, ẹ dán an wò. Bó bá ṣì ń ṣẹlẹ̀, ẹ yí nọ́ńbà ẹ̀dà orí tíkẹ́ẹ̀tì padà, kí ẹ sì tún un ṣí.

Lórí GitHub, àwọ̀ ló ń sọ ọ́. Láti ọdún 2022 ni ẹni tó ń pa tíkẹ́ẹ̀tì dé ti lè yan ìdí: èyí tí iṣẹ́ rẹ̀ parí ní àwọ̀ elésèé àlùkò, èyí tí wọn kò ní ṣe, not planned, sì ní àwọ̀ eérú. Àwọn tíkẹ́ẹ̀tì tó ṣáájú ìgbà yẹn kò ní irú ìyàtọ̀ yìí, nítorí náà ọ̀rọ̀ tó kẹ́yìn lábẹ́ wọn ni kí ẹ kà.

Ìgbésẹ̀ keje: ẹ ṣí ìtàn tíkẹ́ẹ̀tì

Gbogbo ètò wọ̀nyí ló ní ibi tí wọ́n ń kọ ìyípadà sí, History tàbí Activity. Ẹ wo ta ló yí ipò kẹ́yìn, ẹ wo ọjọ́. Bó bá jẹ́ ẹ̀rọ adáṣiṣẹ́ ló pa á dé, èèyàn kankan lè má tíì ka ọ̀rọ̀ yín. Bó bá jẹ́ ẹni tí orúkọ rẹ̀ fara hàn lára àtúnṣe kóòdù, ẹni tó mọ̀ ọ́n ló sọ̀rọ̀.

Jira ní ìṣòro kan tó yẹ kí ẹ mọ̀. Àyè Resolution ló fi ń mọ̀ pé iṣẹ́ ti parí, kì í ṣe ipò. Bí wọ́n bá tún tíkẹ́ẹ̀tì ṣí tí wọ́n sì gbàgbé láti pa àbájáde rẹ́, ipò á máa sọ pé Reopened, nọ́ńbà rẹ̀ á sì ṣì ní ìlà tí wọ́n fà á já láàárín. Tíkẹ́ẹ̀tì bẹ́ẹ̀ kò ní hàn nínú àkójọ àwọn tí kò tíì yanjú, torí náà kò sẹ́ni tó ń ṣe é. Bí ẹ bá rí ipò tó ṣí pẹ̀lú ìlà yẹn, ẹ sọ fún alábòójútó. Ìṣẹ́jú díẹ̀ ló máa gbà á. Ohun mìíràn tó yẹ kí ẹ mọ̀ ni ti ìgbà tí ilé iṣẹ́ kan bá ti fi ogún orúkọ ipò tó yàtọ̀ sínú Jira wọn: ẹ má wulẹ̀ há wọn sórí, ẹ wo àwọ̀. Eérú ni èyí tí wọn kò tíì bẹ̀rẹ̀, búlúù ni èyí tó wà lẹ́nu iṣẹ́, àwọ̀ ewé ni èyí tó parí.

Ìgbésẹ̀ kẹjọ: ẹ mọ ìgbà tó yẹ kí ẹ tún un ṣí

Ẹ tún un ṣí bó bá jẹ́ àléébù kan náà, lórí ẹ̀dà tí wọ́n sọ pé àtúnṣe wà nínú rẹ̀, tí àtúnṣe náà kò sì ṣiṣẹ́. Ẹ kọ nọ́ńbà ẹ̀dà náà. Bó bá jẹ́ pé ó ti dára tẹ́lẹ̀, tó wá tún padà dé lẹ́yìn ẹ̀dà mélòó kan, ohun tuntun ló fà á: ẹ kọ tíkẹ́ẹ̀tì tuntun, kí ẹ so ti àtijọ́ mọ́ ọn, kí ẹ sì sọ ẹ̀dà tó dára kẹ́yìn àti èyí tó kọ́kọ́ bàjẹ́. Àlàyé méjì yìí máa ń gba ẹni tó ń kọ kóòdù lọ́wọ́ wàhálà tó pọ̀, torí ó lè máa pín àwọn ìyípadà tó wà láàárín wọn sí méjì-méjì títí á fi kan èyí tó fa á.

Ní àwọn ibì kan, ẹ kò ní rí bọ́tìnì ìtúnṣí. Bugzilla ní àṣẹ tó ń jẹ́ editbugs, ẹni tí kò bá ní in kò lè yí púpọ̀ lára tíkẹ́ẹ̀tì ẹlòmíràn. Ẹ kọ ọ̀rọ̀ sísàlẹ̀, kí ẹ ní kí ẹni tó ní àṣẹ bá yín ṣí i. Debian yàtọ̀: ẹnikẹ́ni ló lè fi ímeèlì yí ipò padà níbẹ̀, ṣùgbọ́n tíkẹ́ẹ̀tì tí wọ́n pa dé máa ń wọ àká lẹ́yìn ọjọ́ 28, ẹ sì ní láti kọ́kọ́ fa á yọ kúrò nínú àká kó tó gba ọ̀rọ̀ kankan mọ́.

Ṣáájú kí ẹ tó kúrò lórí tíkẹ́ẹ̀tì èyíkéyìí, ẹ tẹ Watch, Subscribe tàbí CC, kí ẹ sì lọ wo ètò ímeèlì yín kó má baà jẹ́ pé inú àpótí àwọn ímeèlì àìfẹ́ ni ìbéèrè wọn á ti pé ọjọ́ 60.